Ẹ Má Fi Bísíkíìtì Pe Ọ̀bọ: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Yíya Àwòrán Ẹranko Igbó

Bí ẹ bá dé Lekki Conservation Centre ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i: ẹnì kan na bísíkíìtì sí ọ̀bọ, ẹnì kejì ti gbé fóònù sókè, ó ń dúró. Ọ̀bọ sọ̀kalẹ̀, ó já bísíkíìtì gbà, wọ́n yà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ yẹn ti mọ ohun kan tí kò yẹ kó mọ̀, pé ọ̀dọ̀ èèyàn ni oúnjẹ wà. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń so ẹran ìgbẹ́ rọ̀ létí títì márosẹ̀ fún títà, ìmọ̀ tó lè pa á ni.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa yíya àwòrán ẹranko, àwọn tó ń gbé níbi tí ẹranko kò ti fi bẹ́ẹ̀ mọ ọdẹ ló kọ ọ́. Tiwa yàtọ̀. Nínú igbó wa, ìbẹ̀rù èèyàn ni ààbò tí ẹranko ní. Òun ló ń mú kí ẹtu ti wọgbó kí ìbọn tó dún. Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n dá lé: ẹlòmíràn ń fi oúnjẹ pa á rẹ́, ẹlòmíràn ń lò ó láti fi lé ẹranko káàkiri, ẹlòmíràn sì ń fi fóònù rẹ̀ júwe ilé ẹranko fún ẹni tó gbé ìbọn.

Fífi oúnjẹ fà á mọ́ra

Ọgbà Lekki náà, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, kò ju hẹ́kítà 78 lọ, ilé àti títì sì ti yí i ká. Ọ̀bọ tó bá jáde kúrò níbẹ̀ nítorí oúnjẹ kò ní igbó mìíràn tó máa wọ̀. Àárín ilé ni yóò bọ́ sí. Ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn láti jẹ ni èso, ewé tútù àti kòkòrò, ó sì ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ tó ń kó oúnjẹ sí títí yóò fi dé kọ̀rọ̀ tí yóò ti jẹ ẹ́. Èyí tí bísíkíìtì ti mọ́ lára kì í dúró de kí ẹ nawọ́ mọ́. Yóò já báàgì gbà, yóò bu ọmọdé jẹ, wọn yóò sì ní ọ̀bọ yẹn ti burú, kí wọ́n lé e tàbí kí wọ́n pa á. Ẹni tó kọ́ ọ ti lọ sílé tipẹ́.

Ti àìsàn tún wà níbẹ̀. Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn wa ń ran ọ̀bọ àti ìnàkí. Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, àwọn olùwádìí fi hàn ní 2008 pé kòkòrò àrùn ọ̀nà ìmí tó wá láti ara èèyàn wà nídìí ikú àwọn ìnàkí kan (chimpanzee) níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn ni èèyàn tó sún mọ́ wọn jù lọ. Ó wà lára ìdí tí Uganda àti Rwanda fi sábà máa ń fún àlejò ní wákàtí kan péré lọ́dọ̀ ìnàkí orí òkè (mountain gorilla), tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń wúkọ́ lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó wọ ọgbà, ẹ kó oúnjẹ sínú báàgì, kí ẹ pa á dé dáadáa. Bí ọ̀bọ bá sún mọ́ yín fúnra rẹ̀, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má sì yọ eyín sí i nítorí pé ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú sẹ́lífì. Lójú ọ̀bọ, ìjà ni méjèèjì. Bó bá la ẹnu gbàgà, tó ń mi orí sókè sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ní Igbó Òṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ọ̀bọ ń sún mọ́ èèyàn nítorí pé èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀. Ìtọ́jú ọ̀pọ̀ ọdún ló bí ìfọkàntán bẹ́ẹ̀. Pé kò sá fún yín kò ní kí ẹ fọwọ́ kàn án.

“Jẹ́ kó fò ká yà á”

Èyí ló ń bí mi nínú jù. Lékeléke wà létí odò, wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Ẹnì kan á ju òkúta kí gbogbo wọn lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ìyẹ́ funfun lójú ọ̀run dára nínú fọ́tò. Ẹlòmíràn á pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn á gbá igi. Ẹyẹ tó ń fò nítorí ẹ̀rù ń ná agbára tó fi gbogbo òwúrọ̀ kó jọ, bó bá sì jẹ́ pé orí ẹyin ló wà, oòrùn lè ba ẹyin náà jẹ́ tàbí kí ejò débẹ̀ kó tó padà.

Nídìí ìtẹ́, ìwà mìíràn tún wà: jíjá ewé àti gígé ẹ̀ka kí lẹ́ńsì lè ríran. Ewé yẹn ló ń ṣíji bo àwọn ọmọ, òun náà ló ń fi wọ́n pamọ́ fún àṣá. Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú. Bí ẹyẹ bá gbé kòkòrò sẹ́nu, tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka tí kò wọ ìtẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin ló ń dúró dè. Kò fẹ́ fi ibi tí ọmọ rẹ̀ wà hàn yín. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Ti àtíòro le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo rẹ̀ a wọ inú ihò igi, wọn a fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà títí yóò fi ku ojú tóóró, ibẹ̀ sì ni akọ ti ń fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí akọ kò bá lè sún mọ́ igi yẹn nítorí ẹni tó gbé kámẹ́rà jókòó sábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀, ebi ni yóò máa pa ìyá àti ọmọ nínú ihò.

Àwọn kan tún ń fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde kí ẹyẹ lè yọjú. Akọ tó bá gbọ́ ọ á rò pé akọ mìíràn ló wá gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Á fi oúnjẹ sílẹ̀, á máa wá ọ̀tá tí kò sí.

Bí ẹranko kò bá sì sá, ìyẹn kò sọ pé ara rẹ̀ balẹ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn béárì dúdú tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí lára láti máa ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Wọ́n fi dúróònù fò kọjá lórí wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn béárì náà kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ ọkàn wọn ń lù kìkì. Ti ọ̀kan lára wọn fò láti ìgbà 41 sí ìgbà 162 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó gbé dúróònù sókè kò lè rí ìyẹn nínú fídíò. Yóò ní ẹranko náà kò tilẹ̀ wo òun.

Àìlè dúró

Àwọn ọdẹ wa mọ nǹkan tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kò mọ̀. Ẹ fetí sí ìjálá, bí wọ́n ṣe ń ki erin, ẹfọ̀n àti ọ̀bọ. Ẹni tó ti jókòó pẹ́ wo ẹranko nìkan ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ìrìn rẹ̀ àti ìjẹun rẹ̀. Ọdẹ á kọ́kọ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, á dúró níbi tí òórùn òun kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹranko. Á rọra gbẹ́sẹ̀. Á gun orí igi, á jókòó láìsọ̀rọ̀. Ohun tí ayàwòrán nílò gan-an nìyẹn, láìsí ìbọn. Dípò kí ẹ máa tọ ẹranko lẹ́yìn, ẹ wá igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ń so lọ́wọ́, ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ pa ìró kámẹ́rà, ẹ má fín lọ́fínńdà sára. Bí èso bá ti pọ́n, ọ̀bọ àti ẹyẹ á wá fúnra wọn.

Ní Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóòró, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹranko rọrùn láti rí, nítorí pé koríko ti gbẹ, omi sì ti ku ibi díẹ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí èèyàn lọ dúró sí àárín ẹranko àti omi. Ìgalà tó ti ọ̀nà jíjìn wá mumi á dúró sẹ́yìn koríko, á máa wò yín, á sì padà pẹ̀lú òùngbẹ. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ jìnnà, kí ọ̀nà odò ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sọ̀kalẹ̀. Ẹranko ń fara da ọkọ̀ tó dúró ju èèyàn tó dúró lọ. Ẹ sì gbọ́ràn sí rẹ́ńjà tó mú yín wọlé lẹ́nu. Ẹ má fún un lówó kó lè sún ọkọ̀ mọ́ ẹranko sí i. Ó ní ìdílé tó ń bọ́, ó sì ṣòro fún un láti kọ̀.

Mo mọ̀ pé fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ní, pé lẹ́ńsì gígùn wọ́n. Ohun tí fóònù mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ya ẹranko kékeré nínú igbó ńlá: ọ̀bọ kan lórí ẹ̀ka, igi gíga yí i ká, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń gba àárín ewé wọlé. Lójú tèmi, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ níyì ju ojú ọ̀bọ tó kún inú àwòrán lọ, nítorí pé ó fi ibi tó ń gbé hàn. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ẹ̀yìn erin tó ń wọgbó lọ, tí ẹ yà láti ọ̀nà jíjìn, fọ́tò erin ni.

Ọmọ ẹranko tó dá wà

Ìyá ẹtu àti ìyá ìgalà a máa fi ọmọ tuntun pamọ́ sínú koríko, wọn a lọ jẹun, wọn a padà wá fún un lọ́mú. Ọmọ náà kì í mira. Ẹni tó bá bá a níbẹ̀ á ní ìyá rẹ̀ ti kú, á gbé e mọ́ra, á ya fọ́tò aláàánú, á sì gbé e lọ sílé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àwọn àlejò kan ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà gbé ọmọ ẹfọ̀n sínú ọkọ̀ nítorí wọ́n rò pé òtútù ń mú un. Nígbà tí wọ́n dá a padà, agbo rẹ̀ kò gbà á mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà ló pa á nígbẹ̀yìn. Òfin ọgbà yẹn ni kí èèyàn fi yáàdì 25 jìnnà sí ẹfọ̀n, kó fi 100 jìnnà sí béárì àti ìkookò. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi, ẹ fi sọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, 100 yẹn tó bí ìwọ̀n gígùn pápá bọ́ọ̀lù.

Iná lóru, àti irọ́

Nínú igbó wa, iná tó ń tàn níwájú orí èèyàn lóru, ti ọdẹ ni. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹtu tàbí òwìwí, tí ẹ tún fi fíláàṣì lé e, ojú tó fi ń wá oúnjẹ lóru ni ẹ ṣú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó sì burú jù ni kí ó kọ́ lọ́dọ̀ yín pé iná kan wà tí kì í pani, nítorí yóò dúró de iná kejì. Ẹ pa fíláàṣì.

Òjòlá tí wọ́n gbé kọ́rùn níbi àríyá àti ọ̀bọ tí wọ́n so okùn mọ́ nídìí, ẹ má yà wọ́n bí ẹni pé inú igbó lẹ ti rí wọn. Owó fọ́tò yẹn ló ń mú kí wọ́n lọ mú òmíràn. Ní 2009, José Luis Rodríguez gba ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ẹranko igbó ní London pẹ̀lú fọ́tò ìkookò tó ń fo géètì; wọ́n gba ẹ̀bùn náà padà ní 2010 nígbà tí àwọn adájọ́ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkookò tí èèyàn sìn ni.

Jíjúwe ilé ẹranko

Erin ṣì wà ní Omo Forest Reserve ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lágbègbè J4, láàárín oko kòkó àti àwọn agégẹdú. Erin igbó ni wọ́n, ẹ̀yà tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kéde ní 2021 pé ó ti súnmọ́ àtirun pátápátá. Fóònù yín lè máa kọ ibi tí ẹ dúró sí àti wákàtí tí ẹ yà á sínú fọ́tò, àyàfi tí ẹ bá ní kó má kọ ọ́. Ẹni tó ń wá eyín erin kò nílò ju ìyẹn lọ.

Fọ́tò tó wù mí jù nínú èyí tí wọ́n ti yà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yà á. Ní 2020, àwọn kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi lórí òkè Mbe ní ìpínlẹ̀ Cross River ya agbo ìnàkí ńlá (Cross River gorilla) tó ń kọjá lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ẹ̀yà tó jẹ́ pé nǹkan bí 300 péré ló kù láyé. A rí i pé wọ́n ń bímọ. A kò rí ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wọ inú ètò kámẹ́rà fóònù yín, ẹ pa ibi tó ń kọ ibùdó sílẹ̀. Èyí tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ibùdó kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta. WhatsApp máa ń yọ ọ́ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹranko náà pẹ̀lú: afárá, òkè tí gbogbo ayé mọ̀, pátákó tí wọ́n kọ orúkọ abúlé sí. “Ìpínlẹ̀ Ògùn” ti tó láti kọ sábẹ́ fọ́tò. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbé e síta, nítorí pé erin tí ẹ rí láàárọ̀ lè má tíì kúrò nítòsí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè pé “Níbo gan-an ni?”, ẹ darí rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà, kó lọ gba ọ̀nà wọlé lọ́wọ́ wọn.