Ìrírí Mi: Bí Ọmọbìnrin Adití Kan Ṣe Ti Ilé-Ẹ̀kọ́ Bọ́ Sídìí Iṣẹ́ ní Kábà

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìjùmú, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. Ní ọdún 2021, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan tí kò gbọ́ràn wà ní kíláàsì mi ní SS1. Àrùn yírunyírun ni ó gba etí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀ kí àìsàn náà tó dé, nítorí náà ó lè wo ẹnu ẹni kí ó mọ ohun tí à ń sọ, ó sì mọ̀wé kọ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ohun tí wọ́n ń gbèrò fún un lẹ́yìn tí ó bá jáde ìwé. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀dọ̀ mi náà ni yóò máa wà, ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà." Ìfẹ́ ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé bí ìyá náà kò bá sí mọ́ lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tí a ti kọ́ ọmọ náà tí ó lè fi dá dúró.

Mo wá bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é kà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní àìlera sọ pé, ó pẹ́ tán, nígbà tí ọmọ bá ti ń lọ sí ọmọ ọdún 16, ètò bí yóò ṣe kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà ní àkọsílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣe ètò ọ̀hún. Pípè tí wọ́n ń pe ọmọ náà ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Mo ra ìwé kan, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì pe òun àti ìyá rẹ̀ jókòó.

N kò bi í pé irú iṣẹ́ wo ni ó fẹ́, nítorí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí kì í mọ ohun tí yóò sọ. Mo bi í pé kí ni ó máa ń ṣe nílé láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an. Ó kọ ọ́ pé òun máa ń tú aṣọ àlòkù, òun á sì fi ọwọ́ rán an padà sí nǹkan mìíràn. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìyá òun pẹ̀lú ò lè rí òwú kí ó má fọwọ́ kàn án. Ọmọ Bùnú ni ìyá àgbà náà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ lórí òfì tí a gbé dúró, títí kan aṣọ ìpò pupa tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú àwọn àgbà onípò. Ó dùn mọ́ mi láti gbọ́ èyí, síbẹ̀ n kò fẹ́ kí a torí rẹ̀ yan iṣẹ́ fún un. Nígbà ìsinmi, ó lo ọ̀sẹ̀ kan ní ibi ìṣerun, ọ̀sẹ̀ kan ní ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, àti ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ó ń ránṣọ ní Kábà. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ni kò ti fẹ́ kúrò nígbà tí wọ́n ń pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù nìyí. Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á: ta ni yóò bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, báwo ni òun yóò ṣe pè é bí áyọ́ọ̀nù bá ń jó aṣọ, báwo ni yóò sì ṣe mọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń dún gbà-gbà-gbà? A mú ìbéèrè náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, a sì fi dígí kan kọ́ sí iwájú rẹ̀ kí ó lè máa rí ohun tí ó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ya ara ènìyàn sínú ìwé ìwọ̀n, pẹ̀lú ilà ní èjìká, àyà, ìbàdí àti apá, kí oníbàárà lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó fẹ́ kí aṣọ fún tàbí kí ó sọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ní àmì ọwọ́ bíi mẹ́wàá: wọ̀n ọ́n, gé e, dúró, ó gbóná, òwú tán, àti irú wọn. Ní ti ẹ̀rọ, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ya gbogbo wa lẹ́nu, nítorí ó máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí rẹ̀, ó sì máa ń fi ìwárìrì rẹ̀ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣẹ́ kí àwọn tí ó gbọ́ràn tó fura.

Mo ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Nígbàkúùgbà tí ọ̀gá bá béèrè nǹkan, èmi ni mò ń dáhùn, títí ó fi di pé èmi ni ó ń wò dípò ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì tì í sí iwájú mi: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa dáhùn fúnra mi." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó síta ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kàn. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó dá wọ mọ́tò lọ sí Kábà, nítorí kò lè gbọ́ fèrè ọ̀kadà. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní a jọ lọ, mo fi ibi tí ó ti yẹ kí ó sọdá títì hàn án àti bí yóò ṣe wo apá méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò kan náà láìbá a sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó dá lọ, pẹ̀lú páálí kékeré tí a kọ ibi tí ó ń lọ àti owó ọkọ̀ sí, kí awakọ̀ má baà rẹ́ ẹ jẹ, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀ bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ó pé ọdún 18 ní 2024, ó mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ lọ ṣí àkáǹtì ní ilé ìfowópamọ́ kan. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí ìyá rẹ̀ wá fọwọ́ sí i nítorí pé ó jẹ́ adití. Mo tẹ òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 jáde, èyí tí ó ka fífi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tí ó ní àìlera àti àwọn yòókù léèwọ̀, tí ó sì ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ya ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 ààyè iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀ fún wọn. A padà lọ lọ́jọ́ kejì. Òun ni ó mú ìwé náà dání, òun ni ó gbé e fún ọ̀gá wọn, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó sì wà lórí àkáǹtì náà.

Ó gba fíríìdọ́ọ̀mù ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Mo ti ń wá ṣọ́ọ̀bù kékeré fún un láti bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, mo sì ti bá onílé sọ̀rọ̀. Ó wo ṣọ́ọ̀bù náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ pé òun yóò kọ́kọ́ bá ọ̀gá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún kan pẹ̀lú owó oṣù, nítorí òun fẹ́ fi owó òun ra ẹ̀rọ òun kí òun tó gba ilé ẹnikẹ́ni. N kò fara mọ́ ọn, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Mo lọ sọ fún onílé pé a kò gba ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.