Iná lọ nígbà tí mò ń fi Kdenlive sórí Ubuntu, apt bá yarí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ubuntu 22.04 ni mò ń lò dípò Windows, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, iná nìkan ló ń gbé e dúró. Lánàá ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mò ń fi apt, tó máa ń bá wa fi ètò sórí Ubuntu, gbé Kdenlive, ètò tí wọ́n fi ń gé fídíò, sí i torí fídíò ìgbéyàwó kan tí mo fẹ́ gé, ó ti dáńlóòdù tán, ó ti ń kọ "Unpacking", wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ẹ̀ kú fin. Látìgbà náà, ohun yòówù tí n bá ní kí apt ṣe, "dpkg was interrupted, you must manually run 'sudo dpkg --configure -a'" ló ń kọ ṣáá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ pa fáìlì lock rẹ́, ẹlòmíì ní kí n fọ Ubuntu kí n tún un gbé sí i. Dátà mi ò sì tó nǹkan mọ́.

Ìdáhùn: Àbúrò, jọ̀ọ́, má fọ nǹkan kan o. Òyìnbó tó ń kọ yẹn, oògùn ẹ̀ ló ń kà fún ẹ, àwa la ò kì í fẹ́ kà á. Apt ló ń lọ kó ẹrù wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì, dpkg ló ń tú ẹrù ọ̀hún sílẹ̀, tó bá tú u tán á wá tò ó kó lè ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ "Setting up". Àárín méjèèjì niná ti ká ẹ mọ́, bí ẹni tó da èlùbọ́ sómi tó ń hó tí wọ́n wá pè é síta kó tó fi orógùn kàn án. Ti àmàlà á ti di kókó, ti dpkg ò ní kókó, wàá kàn padà lọ rò ó ni.

Tẹ èyí sínú Terminal, ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà (sudo iwájú ẹ̀ ló ń sọ pé ọ̀gá ló ń pàṣẹ):

sudo dpkg --configure -a

Tó bá ṣe tán, sudo apt --fix-broken install, kó o wá tún sudo apt install kdenlive tẹ̀. Èyí tó o ti dáńlóòdù ṣì wà nínú /var/cache/apt/archives, kò ní jẹ dátà ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n má ṣèèṣì tẹ sudo apt clean, ìyẹn ló máa gbá gbogbo ẹ̀ dànù.

Ti lock yẹn, má pa á rẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ni, kí ẹni méjì má baà máa kọ̀wé sínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan. Tí Ubuntu bá ń ṣe ọ̀pdéètì fúnra ẹ̀ lábẹ́lẹ̀, òun ló máa ń mú un dání, dúró dè é.

Ìbéèrè: Ó ní kí n tẹ password, mò ń tẹ̀ ẹ́ kò jáde rárá. Àbí kíbọ́ọ̀dù náà ti bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ó ń gbọ́ ẹ. Kì í fi hàn ni, ìràwọ̀ kan ò tiẹ̀ ní yọ. Tẹ̀ ẹ́ tán, lu Enter.

Ìbéèrè: Ha, ó ti ṣí! Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní Ọ̀yọ́ náà fẹ́ Kdenlive, ṣé mo lè kó tèmi fún un?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ 22.04 lòun náà ń lò. Àmọ́ apt máa ń pa ẹrù rẹ́ tó bá ti fi í síbẹ̀ tán, apt-get ló máa ń fi í sílẹ̀. Wo inú archives yẹn, àwọn tó bá ṣẹ́ kù, kó wọn sórí fláàṣì fún un.