Bí mo ṣe ya DTO sọ́tọ̀ lára domain object nínú áàpù alájẹṣẹ́kù

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Òṣogbo ló ní ká ṣe áàpù fáwọn, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè máa rí owó tó ti fi pamọ́ àti gbèsè tó kù lọ́rùn ẹ̀ lórí fóònù. Èdè kọ̀ǹpútà Java la fi kọ ti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ti ń gba dátà. `Member` inú ẹ̀ kì í ṣe orúkọ àti nọ́ńbà lásán o. Òun ló mọ̀ pé ẹni tí ò tíì san gbèsè tán ò lè yá òmíràn. Òun ló ń ṣírò èlé. Domain object gidi nìyẹn: ohun inú kóòdù tó mú dátà àti òfin iṣẹ́ dání pọ̀.

Mo fẹ́ fi DTO (data transfer object) kún un, ìyẹn ohun tó kàn ń gbé dátà láti ibì kan dé ibòmíì, tí ò ní òfin kankan nínú. Ẹ̀gbọ́n tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká kúkú fi `Member` ránṣẹ́ sórí fóònù bó ṣe wà. "Àbúrò, kí la fẹ́ fi méjì ṣe?" Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Martin Fowler, òǹkọ̀wé lórí ètò kọ̀ǹpútà, tó ṣàlàyé DTO nínú ìwé ẹ̀ ní 2002 ní torí kí ìpè orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dín kù ni. Láàárín ètò kan náà, òun fúnra ẹ̀ ò fara mọ́ ọn.

Mo ní ká dán tiwọn wò. `Member` mú `Loan` dání, `Loan` náà tún mú `Member` dání. Jackson, irinṣẹ́ Java tó ń sọ wọ́n di JSON (ọ̀nà tá a ń gbà kọ dátà ránṣẹ́), ń yí lọ yí bọ̀ títí àṣìṣe `StackOverflowError` fi dé. Àmì `@JsonIgnore`, tó ń ní kí Jackson fo nǹkan kan, lè dí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá jáde, gbèsè àwọn onídùúró wà níbẹ̀ ketekete, nílùú tí kálukú ti mọ kálukú yìí! Káàdì ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kì í sáà ṣe ìwé ńlá inú ọ́fíìsì akọ̀wé. Mo bá kọ DTO yìí:

`record MemberView(String oruko, BigDecimal ifipamo, BigDecimal gbese, LocalDate ojoIsanwo) {}`

Ọwọ́ ni mo fi kọ ibi tí `Member` ti ń di `MemberView`. Kò ju ìlà mélòó kan lọ.

Ti ohun tó ń wọlé ló tún le jù. Bá a bá ń gba odindi `Member` látorí fóònù, ẹnì kan lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ iye tó fi pamọ́. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lẹnì kan gbà wọ àkáǹtì Rails (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ wẹ́bùsáìtì) lórí GitHub, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí, ní 2012. `LoanRequest` tèmi ò gbà ju iye owó àti oṣù tí wọ́n máa fi san án.

Ibodè nìkan, níbi tí sáfà àti fóònù ti pàdé, ni mo fi DTO sí. Nínú sáfà, `Member` ló ń rìn káàkiri. Ọjọ́ ìpàdé, tí ò ní òfin tí ò sì ní àṣírí, mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ṣì ń ráhùn pé bí nǹkan kan bá kún un, ibi mẹ́ta lèèyàn máa fọwọ́ kàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé padà, inú `Member` nìkan la ti tún un ṣe. A ò fọwọ́ kan áàpù rárá.