Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì mọ́tò eré yín: bẹ́ ẹ ṣe máa wọn mod (ohun tẹ́ ẹ yí tàbí tẹ́ ẹ fi kún mọ́tò) àti wọ́rántì wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi, torí láti ìgbà tí mo ti ra mọ́tò eré tèmi ní Houston níbí ní ìparí 2021, ìbéèrè kan náà ni gbogbo àwọn àbúrò ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, tí n bá yí sàlẹ́ńsà, ṣé wọ́rántì ti lọ nìyẹn?" Bí wọ́n ṣe ń béèrè ẹ̀ yẹn gan-an ni kò dáa. Wọ́rántì, ìyẹn ìlérí ilé iṣẹ́ mọ́tò pé àwọn á tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àkókò kan, ò dà bí ẹyin tó jẹ́ pé tó bá ti já bọ́, ó ti fọ́ náà nìyẹn. Ohun tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ ni pé, tí nǹkan kan bá bàjẹ́ lọ́la, ṣé wọ́n á lè nàka sí ohun tí mo dè mọ́ ọn, tí wọ́n bá sì nàka sí i, ṣé owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi?

Àwa tá a dàgbà sí Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ wọ́rántì ò mọ́ wa lára. Tòkunbọ̀ la mọ̀, tó bá kọṣẹ́ ẹ wọ́ ọ lọ bá mẹkáníìkì lábẹ́ igi, ẹ bá a dúnàá-dúrà, ó tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tá a bá dé ibi tí mọ́tò tuntun ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé, a máa ń ju ìwé yẹn sínú píjìn-hóòlù, kò tún sí ẹni tó máa ṣí i mọ́ títí ọjọ́ wàhálà.

Ẹ ṣí i lónìí. Mustang GT, mọ́tò eré tí Ford ń ṣe, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ni mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ní Amẹ́ríkà, Ford fún mọ́tò náà lápapọ̀ ní ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, wọ́n wá fún ẹ́ńjìnì, gíà àti àwọn irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà ní ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì. Ìkẹta tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ìjọba àpapọ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọdún 8 tàbí 80,000 máìlì ṣe wọ́rántì catalytic converter (ohun tó ń dín májèlé inú èéfín kù kó tó jáde) àti kọ̀ǹpútà tó ń darí èéfín. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé "wọ́rántì", ẹ bi í pé èwo nínú ẹ̀, torí ohun tó lè ba ọ̀kan jẹ́ lè má ṣe é ní nǹkan kan fún èkejì.

Òfin wà lẹ́yìn yín o. Magnuson-Moss Warranty Act ni wọ́n ń pè é, 1975 ni wọ́n ṣe é, FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ló sì ń mójú tó o. Ohun tó sọ ni pé ilé iṣẹ́ mọ́tò ò lè fi dandan lé e pé páàtì tàwọn nìkan lẹ gbọ́dọ̀ lò kí wọ́rántì tó dúró, tí wọ́n bá sì fẹ́ kọ̀ láti tún nǹkan ṣe torí páàtì tẹ́ ẹ fi sí i, àwọn ló ní láti fi hàn pé páàtì yẹn ló fa ìbàjẹ́ náà. Ó dùn ún gbọ́, àbí? Àmọ́ Washington ni òfin wà, mọ́tò yín sì wà lórí jáàkì nínú ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò mi, mi ò sì ní dárúkọ dílà. Oṣù keje ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Houston ẹ mọ bí oòrùn ibẹ̀ ṣe ń ṣe lóṣù keje, AC wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí mi lójú. Mọ́tò ò tíì rìn ju 22,000 máìlì lọ. Mo wà á dé ọ̀dọ̀ dílà, ọmọkùnrin tó wà ní káńtà jáde wá wò ó, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ní "Sà, ẹ ti ṣe mod sí i, a ò ní lè fi wọ́rántì ṣe é." Sàlẹ́ńsà! Kí ló kan sàlẹ́ńsà kan AC? Inú bí mi dé góńgó, ṣùgbọ́n mi ò pariwo. Mo kàn ní "Kò burú, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ bí sàlẹ́ńsà ṣe ba AC jẹ́, kí ẹ sì bọ́wọ́ lù ú." Ó wò mí. Ó wọlé lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi mu omi inú ìgò tán. Nígbà tó jáde, ó ní ọ̀gá òun ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá, wọ́n sì ṣe é láì gba kọ́bọ̀. Ẹ há gbólóhùn yẹn sórí: ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹ́ńjìnì ló bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnì náà ni mo fọwọ́ kàn, mi ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ to mod ni pé kẹ́ ẹ wo bó ṣe jìnnà sí ẹ́ńjìnì àti kọ̀ǹpútà tó. Rímù àti táyà, ìyẹn ò le, àfi tẹ́ ẹ bá ra èyí tó fẹ̀ jù tí bearing wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Spring tó ń mú mọ́tò wálẹ̀, kò kan ẹ́ńjìnì, àmọ́ tí ṣọ́kù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, owó ara yín lẹ máa fi ra òmíràn. Sàlẹ́ńsà tí wọ́n ń pè ní cat-back, ìyẹn èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn catalytic converter lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò, òun ni mo máa ń sọ pé kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, ó ń dún bíi kìnnìún, kò sì dí ẹ́ńjìnì lọ́wọ́. Intake tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ti ń sún mọ́ ewu díẹ̀, pàápàá èyí tí fílítà ẹ̀ ń gba ọ́ìlì, torí tẹ́ ẹ bá da ọ́ìlì yẹn pọ̀ jù á fò lọ lẹ̀ mọ́ séńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, iná ẹ́ńjìnì á tàn, ẹ ò sì ní lè sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á. Header gígùn, ìyẹn páìpù tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnì, tó ní kẹ́ ẹ yọ catalytic converter, ẹ fi sílẹ̀. Kì í ṣe wọ́rántì nìkan nìyẹn, yíyọ ẹ̀ lára mọ́tò tó ń rìn lójú títì lòdì sí Clean Air Act, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́, EPA tó ń bójú tó àyíká ò sì fojú ire wo irú ẹ̀. Ẹ̀yin ará California, ẹ wo nọ́ńbà EO, ìyẹn ìyọ̀ǹda látọ̀dọ̀ CARB, àjọ afẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ yín, lára páàtì kẹ́ ẹ tó sanwó, tí ò bá ní, ọjọ́ smog, ìyẹn àyẹ̀wò èéfín, lẹ máa mọ̀.

Ó wá ku tune, ìyẹn yíyí sọ́fúwíà tó ń darí ẹ́ńjìnì padà, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà.

Tune ò ní irin kankan nínú, kò sẹ́ni tó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó máa rí i, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ohun tẹ́ ẹ yí padà ni ọpọlọ mọ́tò: ìgbà tí iná máa ṣẹ́ lẹ́nu plug, iye epo tó máa wọlé, bí gíà ṣe máa yára wọlé sí, àti agbára tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n máa jẹ́ kó gba inú gíà kọjá. Ẹni tó kọ tune yín lè kọ ọ́ fún epo octane 93 (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni epo ò ṣe ní tètè gbiná fúnra ẹ̀ tó) tó wà káàkiri Texas, kẹ́ ẹ wá wà á lọ sí California níbi tó jẹ́ 91 ló pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ra 91, epo á wá máa gbiná ṣáájú àsìkò nínú ẹ́ńjìnì, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ kò-kò-kò bíi ìgbà téèyàn ń gbọn owó wẹ́wẹ́ nínú agolo, tó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, orí piston ló máa sanwó ẹ̀.

Tí ẹ́ńjìnì bá wá bàjẹ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ṣe ni kí wọ́n ki kọ̀ǹpútà bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Sọ́fúwíà inú mọ́tò ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀, ó sì ní nọ́ńbà míì tí wọ́n ń pè ní CVN, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá yí lẹ́tà kan péré nínú sọ́fúwíà náà, nọ́ńbà yẹn á yí. Wọ́n á fi wé ti ilé iṣẹ́. Volkswagen àti Audi tiẹ̀ ní àmì tí wọ́n ń pè ní TD1 tí wọ́n máa ń fi sórí nọ́ńbà mọ́tò yín nínú ìwé tiwọn, tó bá ti wà níbẹ̀, dílà míì tẹ́ ẹ bá sá lọ bá náà á rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí n ó kàn dá a padà sí stock, bó ṣe wà látilé iṣẹ́, kí n tó gbé e lọ." Mo ti ń retí yín. Àbúrò kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì rò bẹ́ẹ̀. Gíà ẹ̀ ń já, ó jí ní aago márùn-ún ìdájí, ó dá sọ́fúwíà padà, ó wẹ mọ́tò, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ bá wọn. Kò gba mẹkáníìkì náà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti kọ nǹkan sórí wọn, àwọn míì máa ń ka iye ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ti yí láti ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ kẹ́yìn. Mọ́tò tó ti rin 30,000 máìlì, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin! Wọ́n ò bá a jà, wọ́n kàn yí ojú kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó sanwó gíà náà látinú àpò ara ẹ̀, ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé irọ́ tó pa yẹn ni wọ́n rántí, wọn ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ bóyá tune ló bà á jẹ́ lóòótọ́.

Ọ̀nà àárín wà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ta agbára fúnra wọn. Ford Performance, ẹ̀ka Ford tó ń ta páàtì eré, ní intake tó bá calibration (sọ́fúwíà ẹ́ńjìnì) tiwọn rìn, wọ́n tún ní supercharger, ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì, tó bá jẹ́ pé dílà Ford tàbí mẹkáníìkì tó ní ASE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Amẹ́ríkà, ló dè é, wọ́n máa ń fi wọ́rántì tì í lẹ́yìn. Ó wọ́n ju ti àwọn ará ìta lọ, agbára ẹ̀ sì lè má tó tiwọn. Àmọ́ ẹ ka ìwé ẹ̀ dáadáa o, ẹ wò ó bóyá kì í ṣe ọdún 3 àti 36,000 máìlì ni wọ́n kọ síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 5 àti 60,000 lẹ ní lórí ẹ́ńjìnì tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dílà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn ẹ̀ wá nínú ímeèlì.

Ní ti ìṣirò, ẹ mú bébà. Ẹ kọ máìlì tó kù kí wọ́rántì ẹ́ńjìnì tó parí, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ máa ń rìn lọ́dún. Ẹni tó bá ti wà ní 52,000, tó ń rin 12,000 lọ́dún, oṣù mẹ́jọ péré ló kù fún un, kí ló ń yá a lórí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin 4,000 ńkọ́? Tiẹ̀ le. Ẹ́ńjìnì 5.0 tuntun ti Mustang GT àti owó iṣẹ́ lè ju $10,000 lọ, tune ò sì ju ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan lọ, tẹ́ ẹ ò bá lè fi $10,000 sílẹ̀ ní báǹkì láì fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí tune yẹn dúró ná. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn, inú àwọn ọmọkùnrin kì í dùn sí i. Mustang GT 2021 ní agbára ẹṣin 460 látilé, mélòó nínú wa ló ti lò ó tán ná?

Ìwé ni agbára yín. Rìsíìtì ọ́ìlì, ẹ má jù ú nù, Coyote, ìyẹn ẹ́ńjìnì 5.0 yẹn, tó wà nínú GT láti 2018 ń gba ọ́ìlì quart 10, tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ẹ̀ fúnra yín, ẹ fi fóònù ya àwòrán ìgò ọ́ìlì, fílítà àti máìlì orí dáṣíbọ́ọ̀dù pọ̀. Rìsíìtì páàtì, orúkọ ẹni tó dè é, ọjọ́ tó dè é. Àwọn páàtì tẹ́ ẹ yọ, ẹ tọ́jú gbogbo ẹ̀, sàlẹ́ńsà tó bá mọ́tò mi wá ṣì wà nínú gárèjì, ìyàwó mi ti fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní òun máa tà á fún onírin. Ẹ sì sọ fún àwọn ìṣọ́ránsì yín pẹ̀lú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London pàápàá, òfin wọ́rántì tiyín yàtọ̀ sí tibí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi mod pa mọ́ fún ìṣọ́ránsì níbẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀.

Tí wọ́n bá ti wá kọ̀ fún yín, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ jàre: ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dílà pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi kọ̀, ẹ má gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó máa sanwó títú ẹ̀, ẹ wá pe ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò gan-an, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹjọ́ fún yín pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹ lè gbé e lọ fún dílà míì kí wọ́n bá yín wò ó. Ilé iṣẹ́ mọ́tò mélòó kan ń lo BBB AUTO LINE láti fi yanjú ìjà, ìwé inú píjìn-hóòlù yẹn á sọ bóyá tiyín wà níbẹ̀. Ẹ tún lè kọ̀wé sí FTC àti sí ọ́fíìsì Attorney General ní ìpínlẹ̀ yín, tí owó ẹ̀ ò bá sì pọ̀ jù, small claims, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré, ò nílò lọ́yà.

Tèmi ti wà ní 57,300 máìlì báyìí, 60,000 ni wọ́rántì ẹ́ńjìnì ẹ̀ náà ń parí. Mi ò tíì ra supercharger o. Mo kàn ti fi téèpù wọn àyè tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì ni.