Kí ẹ tó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé bọ́ńgálò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbẹ́lẹ̀ wo ìpìlẹ̀ rẹ̀

Nílé, ẹni tó bá ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́kàn a máa fi ìpìlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lélẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kódà bó jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan lowó rẹ̀ ká. Ẹ má retí irú ẹ̀ lábẹ́ bọ́ńgálò tí ẹ rà níbí. Ìwúwo ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹni tó kọ́ ọ rò mọ́ ọn. Torí náà, kí ẹ tó sanwó àwòrán ilé, ẹ sanwó ihò àyẹ̀wò, ìyẹn ihò tí wọ́n ń gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti fojú rí ìpìlẹ̀.

Ọdún tí wọ́n kọ́lé ọ̀hún ṣe pàtàkì. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ayé Ọbabìnrin Victoria (1837 sí 1901), bíríkì tí wọ́n tò bí àtẹ̀gùn sórí ilẹ̀ lásán lẹ máa bá, kò sí kọnkéré kankan. Ọ̀dá ọdún 1976 mú kí amọ̀ súnkì lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé, ògiri sì sán. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbígbẹ́ ìpìlẹ̀ tó mítà 1 lórí amọ̀ wá di àṣà. Bí ilé yín bá ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, tó sì wà lórí amọ̀ London, ẹ fura.

Ẹni tí ẹ máa pè ni structural engineer, ìyẹn ẹnjiníà tó ń ṣírò ìwúwo tí ilé lè gbé, kì í ṣe bíríkìlà. Ó kéré tán, ẹ gbẹ́ ihò méjì: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìta, ìkejì níbi ògiri inú tó máa gbé àjà tuntun. Bí wọ́n bá ti fẹ ilé náà rí, ẹ gbẹ́ òmíràn níbi tí tuntun àti àtijọ́ ti pàdé, torí ìpìlẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Kí ihò gùn tó mítà 1, kó fẹ̀ tó mílímítà 600. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, nítorí páìpù gáàsì àti wáyà iná lè wà lẹ́bàá ògiri. Nǹkan mẹ́rin lẹ ń wá: bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó, bí kọnkéré ṣe nípọn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, àti irú ilẹ̀ tó jókòó lé. Bí ẹnjiníà bá ti wò ó tán, ẹ dí i padà kíá. Òjò tó bá dúró nínú ihò máa ń sọ amọ̀ di ẹrọ̀fọ̀.

Amọ̀ tí ìka lè tẹ̀ pẹ̀lú agbára, tí ṣọ́bìrì sì lè gbẹ́, yàtọ̀ sí èyí tó le débi tó fi ń béèrè dígà. Lórí èyí àkọ́kọ́, ìtọ́sọ́nà ìjọba, Approved Document A, ní bí ìwúwo bá jẹ́ kilonewton 30 (bíi tọ́ọ̀nù 3) lórí mítà ògiri kan, kí ìpìlẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 350. Bó bá di 60, ó di 750. Ẹ rí i: ìwúwo di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ wo ara ògiri pẹ̀lú. Sísán tó dágùn láti igun fèrèsé, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, tó sì hàn nínú àti níta, ìpìlẹ̀ ló sábà ń tọ́ka sí. Bí igi oak, willow tàbí poplar bá wà nítòsí, ẹ sọ fún ẹnjiníà. Ẹ má sì sáré gé e lulẹ̀: amọ̀ tí igi ti ń fa omi rẹ̀ lè wú, kó sì gbé ilé sókè.

Bí ìpìlẹ̀ ò bá tó, ọ̀nà ṣì wà. Fírémù igi dípò búlọ́ọ̀kù lè dín ìwúwo òkè kù débi tó máa tó. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, wọ́n á ṣe underpinning: wọ́n á gbẹ́ abẹ́ ògiri ní ègé-ègé tó tó mítà 1 sí 1.2, wọ́n á sì da kọnkéré sí i. Wọn kì í ṣí ègé méjì tó fara kanra lẹ́ẹ̀kan náà. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ń kánjú débi pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ lè wó ògiri.

Àṣẹ káńsù pín sí méjì. Láti ọdún 2020, bọ́ńgálò tí wọ́n kọ́ láàárín 1 July 1948 àti 28 October 2018 lè gba àjà kan sí i nípasẹ̀ prior approval (ìfọwọ́sí káńsù tó rọrùn ju planning permission kíkún lọ), bí kò bá sí ní conservation area (àdúgbò tí wọ́n ń dáàbò bo ìrísí rẹ̀). Ìyẹn ò kan ìpìlẹ̀ rárá. Building Regulations, òfin tó ń rí sí i pé ilé lágbára, ló kàn án. Full plans, ìyẹn kí ẹ fi gbogbo àwòrán àti ìṣirò ránṣẹ́ ṣáájú, ni kí ẹ yàn, kí wọ́n lè yẹ ìṣirò ẹnjiníà wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa kọ́lé lé ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ní, òfin Party Wall ọdún 1996 ní kí ẹ fún un níwèé ní oṣù méjì ṣáájú. Bí ẹ bá máa gbẹ́lẹ̀ láàárín mítà 3 sí ilé rẹ̀, tí ihò yín sì jìn ju ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ, oṣù kan ni. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì àti báǹkì tó yá yín lówó ilé kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì.