Bí ẹ ṣe lè máa tọ́jú ìlera ìyá àti bàbá yín tó wà lóko

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mọ́níyà ni mo ń gbé, àwọn abúlé Akínyẹlé ni mo sì ń yí ká báyìí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní ìgboro Ìbàdàn ni mò ń bá wí: ẹ má dúró dìgbà tí ìyá bá dákú kí ẹ tó wá fi ọkọ̀ gbé wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò mọ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn ọwọ́ wọn síta: tinú agolo mílíìkì, tabẹ́ ìrọ̀rí, àti èyí tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti Èkó. Ẹ tú u sórí ẹní. Lẹ́tà ńlá ara páálí, orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un ni. Lẹ́tà kékeré abẹ́ rẹ̀ lorúkọ oògùn gan-an. Mo bá páálí mẹ́ta lọ́wọ́ bàbá kan, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rà wọ́n. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Bàbá ń lò ó pọ̀ láràárọ̀, ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n ní àwọn ará ilé ló ń ṣe àwọn. Ẹ má fúnra yín yọ ọ̀kankan o. Ẹ gbé e lọ fún dókítà tàbí apòògùn kí wọ́n bá yín ṣà á.

Oògùn ara ríro tí wọ́n ń kiri náà ńkọ́? Diclofenac àti ibuprofen, bí àgbà bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dá egbò sínú ikùn. Paracetamol sàn jù ú lọ.

Ẹ wá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ fà á lé ọmọ abúlé kan tó mọ nọ́ńbà lọ́wọ́. Aránṣọ dára, torí kì í kúrò nílé. Kí ìyá kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀ (ibẹ̀ ni wàhálà wà), kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá tí kò sí aṣọ lórí rẹ̀ wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú déètì. Bó bá sábà ń tó 140 lórí 90, ẹ lọ sí sẹ́ńtà ìlera. Bó bá ju 180 lórí 120 lọ, tí àyà tún ń dùn wọ́n tàbí ojú ń ṣú wọn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni kí ẹ fi ṣe ọjọ́ wíwọ̀n, torí kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ọjọ́ ọjà. Oògùn tiwọn, ẹ so ó mọ́ ìrun Àsùbá tàbí àdúrà àárọ̀.

UCH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní ibùdó àwọn àgbà láti 2012, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Bí àìsàn bá ti di méjì-mẹ́ta lára ẹnì kan, ẹ gbé ìwé tí ẹ ń kọ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sí dání lọ síbẹ̀.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sápá kan, tí ọwọ́ kan kọ̀ tí kò gbéra, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má rọ àgbo tàbí epo sí wọn lẹ́nu, ẹ gbéra. Ọlọ́kọ̀ ni kí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ọlọ́kadà, torí ẹni tí apá rẹ̀ kan ti rọ ò lè dì mọ́ ọn. Ọ̀sán gangan sì ni kí ẹ ti ná owó rẹ̀ tán, torí iye tó máa pè lóru ò ní jọ tọ̀sán rárá.