Bí mo ṣe kọ ìtàn bàbá tó ní ọdún ìbí méjì

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé bàbá ìyàwó mi fún àyẹyẹ ọgọ́rin ọdún wọn, mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Oṣù méjì ló gbà mí. Bàbá ti ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ rí níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ìtàn ara rẹ̀, ìtàn ẹgbẹ́ ló máa sọ.

Mo tan fóònù kó máa gba ohùn wọn sílẹ̀. "Bàbá, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?" Wọ́n gbẹ́nu lé bí NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1978, bí wọ́n ṣe kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké pọ̀ di 42, tí Hassan Sunmonu sì di ààrẹ àkọ́kọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ kọjá, mi ò tíì gbọ́ orúkọ ilé ìwé tí wọ́n lọ. Ni mo bá pa fóònù, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wo àpótí wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, àpótí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni tiwọn wà, ikán ti jẹ igun kan. Mo bá ìwé ìgbanisíṣẹ́ 1973 níbẹ̀, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò tíì sí. Mo bá ìwé owó ẹgbẹ́, tí wọ́n kọ náírà àti kọ́bọ̀ sí láìfo oṣù kan. Mo bá kúẹ́rì mẹ́ta tí wọ́n fi òwú so pọ̀ bí ìwé ẹ̀rí. Ti 1981 ló wà lókè, ọdún tí NLC yanṣẹ́ lódì ní oṣù karùn-ún. 300 náírà ni wọ́n béèrè gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù, 125 náírà ni òfin fọwọ́ sí. Ọ̀gá kan ní kí Bàbá ṣàlàyé ibi tí wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Èsì wọn ò ju ìlà kan lọ: "Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù wà ni mo wà." Kò pẹ́ tí tíránsífà fi dé, ó di abúlé tí ọkọ̀ kì í dé tí òjò bá ti rọ̀.

Bàbá ń fi tíránsífà yìí yangàn. Ìyá ò bá wọn yangàn. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń sá láfún. "Bàbá Ayọ̀, wọ́n sọ fún yín pé wọ́n jà fún owó oṣù. Ṣé wọ́n sọ ẹni tó ń bọ́ ilé nígbà tí owó oṣù ò wọlé?" Wọ́n fi ẹnu júwe láfún náà. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì gbé e ṣáájú NLC. Nígbà tí Bàbá kà á, wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n yọ ọ́.

Ọjọ́ ìbí ló wá dá mi lágara. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ sọ pé 1948 ni wọ́n bí Bàbá, ọgọ́rin ọdún la sì fẹ́ ṣe ní 2025. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ìyá tó bí Bàbá kò mọ̀wé. Ohun tó sọ fún wọn ni pé ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yanṣẹ́ lódì ni òun bí wọn. Ọ̀ffà ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe lébìrà, torí ojú irin ò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Rélùwéè dúró, ó wálé, ó bá ọmọ tuntun. Èyí ò ṣòro láti wá: ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, 1945 ni ìyanṣẹ́lódì yẹn bẹ̀rẹ̀. Ogun Hitler ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, owó oṣù ò kúrò lójú kan. Michael Imoudu, tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ látìmọ́lé, wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Níbo wá ni 1948 ti wá? Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, wọn ò gbà á síṣẹ́."

Akọ̀wé tí kọ́bọ̀ kan ò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́ta ló sọnù. Ìyàwó mi ní kí n má dárúkọ ọdún kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1948 ni kí n kọ, kí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì má dìde. Bàbá gba gègé lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́ fúnra wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀wé ní Tákíé pè mí lálẹ́: "Tíṣà, ẹ kọ ọ́ síbí pé a bí Bàbá lọ́dún tí rélùwéè yanṣẹ́ lódì. Ẹ ò kọ ọdún wo."

Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.